Kọrin Tán Kí O Tó Kú

Ẹni tí ikọ́ ife bá mú dáadáa kì í sọ gbólóhùn mẹ́ta tán kí èémí rẹ̀ má gé. Nínú fíìmù olórin olówó gọbọi, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gbé jókòó sórí jangirọ́fà lókè àjà, pé kó máa fì, kó sì máa kọrin.

Ẹ wo Moulin Rouge! tó jáde lọ́dún 2001. Ọmọge arẹwà kan tí ikọ́ ife ń bá jà, akéwì tí kò ní kọ́bọ̀, olówó tó ń jowú: èèlò ọbẹ̀ ti pé. Ẹ̀gbà ọrùn tí Nicole Kidman, òṣèré tó ṣe ọmọge náà, wọ̀ ní dáyámọ́ǹdì 1,308, ojúlówó ni o. Ẹ má ní kí wọ́n tà á fi ra oògùn: ọdún 1899 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní Paris, wọn ò sì ṣàwárí oògùn àkọ́kọ́ tó ń pa kòkòrò ikọ́ ife títí di 1943. Ó gbọ́dọ̀ kú, a gbà. Àmọ́ ikọ́ yìí mọ ìlù ju onídùndún lọ! Orin jangirọ́fà ti fẹ́ẹ̀ tán kí èémí tó gé e tó já bọ́. Lópin eré, wọ́n kọrin ìfẹ́ tán, àtẹ́wọ́ dún, aṣọ orí ìtàgé padé, ìgbà náà ni ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè wọlé.

Ẹ̀jẹ̀ tó máa pọ̀ sórí áńkáṣíìfù funfun kò gbọdọ̀ ju ojú kọ́bọ̀ lọ. Bó bá ta sí aṣọ, wàhálà dé, torí aṣọ wà lára ohun tó gba Oscar fún wọn. Kidman tí nǹkan kan ò ṣe, egungun ìhà rẹ̀ ló kán lẹ́nu iṣẹ́ náà; ẹni tó ń kú lọ nínú ìtàn ń ta kéngé.

Àṣírí ohùn tó ń dún gbuuru ni pé sítúdíò ni wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń yàwòrán, ẹ̀rọ á máa kọ ọ́, òṣèré á máa la ẹnu tẹ̀ lé e. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ọrùn: ohùn ti gòkè dé àjà, iṣan ọrùn ò le rárá. Àwọn tó ṣe Les Misérables ti 2012 kọ irú èyí. Wọ́n ki nǹkan bọ òṣèré létí kó máa gbọ́ dùùrù, ó sì ń kọrin lójú ẹsẹ̀, tòun ti ikun imú.

La La Land ti 2016 tiẹ̀ yọwọ́ owó pósí kúrò. Wọ́n dí ọ̀nà márosẹ̀ kan pa ní Los Angeles, èèyàn ń jó lórí ọkọ̀, kí olólùfẹ́ méjì lè wo ara wọn lọ́ọ̀ọ́kán nígbẹ̀yìn, kí wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, kí obìnrin sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sílé.