Ta ló gbé Twins Seven Seven, ayàwòrán nì, ga?

Ọmọ Ọ̀ṣun: Oníjó ni Twins Seven Seven kó tó ya ọ̀dọ̀ Georgina Beier, òyìnbó ayàwòrán, ní 1964, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo l'Óṣogbo. Ní 1989, iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìpàtẹ ńlá kan ní Paris. Ní 2005, UNESCO fi oyè ayàwòrán fún àlàáfíà dá a lọ́lá. Ká ní kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn, ṣé a máa gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Bísí Aláró: A máa gbọ́ ọ dáadáa! Òyìnbó kọ́ ló kọ́ ọ ní ìtàn iwin àti ẹbọra. Ẹ wo ẹja nínú ikùn ẹranko, ojú lára igi, ìlà wẹ́wẹ́ tó kún gbogbo ara pátákó. Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?

Kọ́lá: Oníjó kẹ̀? Ijó wo?

Ọmọ Ọ̀ṣun: Ó ń bá àwọn olóògùn tó ń polówó ọjà kiri jó ni.

Tísà Múfú: Bísí, ẹlẹ́bùn pọ̀ lágbo oníjó ayé ìgbà yẹn. Ta ló gbé tiwọn dé Paris?

Bísí Aláró: Jimoh Buraimoh wà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn, ìlẹ̀kẹ̀ ló fi ń ṣe tirẹ̀. Muraina Oyelami náà wà níbẹ̀. Ibi kan náà ni gbogbo wọn ti kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ wọn ò sì jọra rárá!

Lékan Onípákó: Ẹ ẹ̀ sọ ti pílíwúùdù. Twins máa ń gé e, á tò ó léra wọn, àwòrán á wá yọ síta. Èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Àjàní: Ọmọ Ìbàdàn ni o. Ẹ yé pariwo Òṣogbo.

Ọmọ Ìjùmú: Ògìdì ni wọ́n bí i sí, ní Kogi.

Àjàní: Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ilé bàbá la fi ń mọ ọmọ. Ìbàdàn náà ni Twins kú sí ní 2011.

Ọmọ Ìjùmú: Ibi téèyàn kú sí ti wá di ìlú rẹ̀? Òṣogbo ni Àdùnní Olóriṣà (Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria) kú sí ní 2009. Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi Àdùnní sílẹ̀ o! Tiwa ni. Ta ló dáàbò bo igbó Ọ̀ṣun?

Kọ́lá: Ìbejì ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá Twins bí, òun nìkan ló ṣẹ́kù. Ká ní gbogbo wọn yè, ìlú kọ̀ọ̀kan ì bá mú tirẹ̀ 😂

Ìyá Ìbejì: Ikú ọmọ kì í ṣe ohun àwàdà. Pa ìyẹn rẹ́.

Kọ́lá: Ẹ má bínú, Mà.

Bísí Aláró: MO TÚN SỌ Ọ́: ÒYÌNBÓ KỌ́ LÓ KỌ́ Ọ NÍ ÌTÀN!

Tísà Múfú: Ta ló ní òun ló kọ́ ọ ní ìtàn? Mo ní ta ló gbé e dé Paris.

Ọmọ Ìjùmú: Àjàní, o ò tíì dá mi lóhùn.

Àjàní: Ta ni ò ń pè ní "o"? Ọmọ Ìbàdàn ni. Mo ti sọ tèmi.

Lékan Onípákó: Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti lè rí àwọn iṣẹ́ onípákó yẹn wò l'Óṣogbo?