Ta Ló Ní Kí Ẹ Ṣí Aago Bàbá Mi?

Ọjọ́ kẹfà nìyí tí aago bàbá mi ti dákẹ́ sórí tábìlì nínú iyàrá mi, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá, alẹ́ ọjọ́ Sátidé tí a ṣe ìpàdé yẹn. Mo ti mì ín títí, mo ti so ó mọ́wọ́ sùn, mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń tún aago ṣe fún wa ní Ọ̀ffà láti ìgbà tí bàbá mi ti wà láyé, pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Inú ń bí mi, n kò sì ní díbọ́n. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí àwa tí a ń kó aago Seiko jọ, tí a ti mọ ara wa lórí fóònù láti bí ọdún mélòó kan, yóò sọ pé kí a fojú rinjú ní Ìlọrin, ẹ̀ẹ̀kẹta náà sì nìyí tí n ó padà sílé pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ti kọjá ohun tí a lè gbé mì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa débẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń rí. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìkéde. Mo kírun Àsùbá tán, mo jáde ní Ọ̀ffà, mo gba Àjàsẹ́-Ipo àti Ìdófìàn kọjá nínú ọyẹ́ tó bo ojú títì bí èéfín igi tútù, mo sì sọ̀kalẹ̀ ní Gáráàjì Ọ̀ffà ní Ìlọrin kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn tí wọ́n gbà fún wa ní Fátè, obìnrin tó ń gbálẹ̀ nìkan ni mo bá, òun náà kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀. Aago mẹ́wàá lù, àwa mẹ́ta ni a wà níbẹ̀. Aago mọ́kànlá lù, a di méje. Kí alága tó wọlé, aago méjìlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú, kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí wọra pé àwọn ènìyàn tó lè wo ẹ̀yìn aago kí wọ́n sọ fún ọ pé oṣù kẹta ni wọ́n ṣe é, pé kì í ṣe oṣù kẹrin, kò ka wákàtí méjì nínú ayé ẹlòmíràn sí nǹkan kan.

Ọkùnrin tí wọ́n ní kó bá wa sọ̀rọ̀ wá dìde. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi sọ fún wa pé ọdún márùn-ún tí ilé iṣẹ́ fi fọwọ́ sọ̀yà fún aago ni nọ́ńbà tó wà lójú Seiko 5 dúró fún, àti pé Switzerland ni àwọn tó dá a sílẹ̀ ti wá. Mo nawọ́ títí apá fi ń ro mí, wọn kò pè mí. Kintaro Hattori ló ṣí ìsọ̀ aago rẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1881, ní ilẹ̀ Jàpáànù, ọdún 1924 sì ni orúkọ Seiko kọ́kọ́ hàn lójú aago. Ní ti 5 náà, láti ọdún 1963 tí irú aago yẹn ti jáde ni wọ́n ti ṣèlérí ohun márùn-ún fún ẹni tó bá rà á: pé yóò máa ká ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ bá ti ń mì, pé ọjọ́ àti déètì yóò jọ wà nínú fèrèsé kan ṣoṣo, pé omi kò ní tètè wọ inú rẹ̀, pé kókó tí a fi ń yí i yóò fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí aago mẹ́rin wà, àti pé ara rẹ̀ àti ṣéènì rẹ̀ yóò le. Àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ẹgbẹ́ jókòó síbẹ̀, wọ́n ń kọ irọ́ yẹn sílẹ̀. Ṣé ohun tí a ó fi lé wọn lọ́wọ́ nìyí?

Kí ọ̀rọ̀ náà tó tán, ọjà ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Àwọn kan ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n kó aago tó lé ní ogójì lé e lórí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ èyí tí wọ́n tún ojú rẹ̀ kùn ní ilẹ̀ Íńdíà ní àwọ̀ òféfèé àti pupa rúsúrúsú tí ilé iṣẹ́ kò fi ṣe irú wọn rí. Lẹ́tà orí wọn wọ́, ìlà ìṣẹ́jú wọn kò bá ibi tó yẹ kó wà mu, síbẹ̀ wọ́n ń pè wọ́n ní ojúlówó, wọ́n sì ń gba owó ojúlówó lé wọn lórí. Nígbà tí mo sọ fún ọmọkùnrin kan kó fara balẹ̀ kó tó sanwó, ẹni tó ń tà á wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀.

Èmi kò gbé nǹkan kan wá tà. Aago kan ṣoṣo ni mo mú wá, torí pé wọ́n ti bẹ̀ mí láti oṣù mẹ́ta pé àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí i. Bàbá mi lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 1982, ibẹ̀ ló ti rà á. Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin àti ẹ̀yin ará Kwara gúúsù, mi ò ní láti ṣàlàyé fún yín: ilé mélòó ni Alàájì ti dé tí kò mú aago bọ̀ pẹ̀lú omi Samusamu àti tẹ̀sùbáà? Orúkọ ọjọ́ tó wà nínú fèrèsé rẹ̀ ń jáde ní èdè Lárúbáwá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bàbá mi kì í sì í jẹ́ kó yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ 7009 ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ní òkúta kéékèèké 17, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 àti 9. Ẹni tó bá mọ Seiko mọ̀ pé 1 ni nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú ọdún tí wọ́n ṣe é, 9 ni oṣù. Kò lè jẹ́ 1971, torí pé 7009 kò tíì jáde nígbà yẹn. Kò sì lè jẹ́ 1991, torí pé aago náà ti wà lọ́wọ́ bàbá mi kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1981 ni wọ́n ṣe é. Láti ìgbà tí bàbá ti bọ́ ọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan inú rẹ̀ àyàfi bàbá alátùn-únṣe tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ènìyàn mọ́kànlá ló bi mí pé èló ni n ó gbà. Mo kà wọ́n. Mo ní kì í ṣe títà, wọ́n ní ohun gbogbo ló ní iye tirẹ̀. Mo ní aago bàbá mi ni, ọ̀kan ní kí n lọ rò ó, òun á padà wá.

Aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀, wọ́n pe ìrun Àìlà. Bàbá mi kọ́ mi pé kí n máa bọ́ aago náà kí n tó ṣe àlùwàlá, mo sì bọ́ ọ. Mo fi aṣọ ìnujú wé e, mo gbé e sórí tábìlì níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ jókòó láti àárọ̀, tí mo sì ti ń rò pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Mo ní, "Àbúrò, jọ̀wọ́ bá mi mójú tó o." Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, bọ̀dá, ojú mi wà lára rẹ̀." Mo lọ kírun. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Nígbà tí mo padà dé, ènìyàn bíi mẹ́jọ ti pé lé tábìlì mi lórí. Mo rò pé wọ́n ń wo ojú aago náà ni. Mo fi èjìká bẹ́ àárín wọn kọjá, mo sì rí i pé ó dojú bolẹ̀, wọ́n ti tú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, irin rẹ̀ tó dà bí ìdajì òṣùpá wà níta gbangba, fáànù ń yí lókè orí wa, ó ń fẹ́ eruku ọyẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan tẹ̀ba lé e lórí pẹ̀lú ìrẹsì lẹ́nu, ó ń sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ń fi fóònù ya fọ́tò. Rọ́bà tó máa ń dí ẹnu ìdérí náà kí omi má baà wọlé wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àga. Sísọ́ọ̀sì sì wà lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀gá nítorí pé aago rẹ̀ ju igba lọ, sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi gé ìdí ọ̀rá omi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Mo ní, "Alàájì, kí lẹ ń ṣe yìí?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá inú rẹ̀ bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu ni. Ayédèrú ti pọ̀ jù."

"Ta ló ní kí ẹ ṣí i?"

"Ẹ̀yin náà ẹ dúpẹ́. Ojúlówó ni."

Ṣé èmi bi í ni? Ṣé mo sọ fún un pé mò ń ṣiyèméjì nípa ohun tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà? Àwọn tí wọ́n tẹ́ ayédèrú sílẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn wà níbẹ̀, kò ṣí ẹyọ kan lára tiwọn. Mo wo ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo fi ṣọ́ ọ, ó dorí kodò, ó ní ọ̀gá ló pàṣẹ, òun kò lè dá àgbà lóhùn. Mo gba aago náà, mo yí i padà, mo sì rí ohun tó mú kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n. Ẹnu sísọ́ọ̀sì ti yọ̀ nígbà tó ń fi ń yí ìdérí náà, ó ti ya ojú irin, ó sì ti gba orí nọ́ńbà àkọ́kọ́ kọjá. 1 tí mo fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é, ó ti hó. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi lọ́la kò ní lè kà á mọ́.

Mo pariwo. Mo gbà pé mo pariwo, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Alága sáré dé, ó ní kí n ṣe sùúrù, ó ní ara kan náà ni wá, ó ní kí n má jẹ́ kí àwọn àlejò tó ti Ìbàdàn wá máa fi ojú burúkú wo Ìlọrin. Kò bá ẹni tó di sísọ́ọ̀sì mú sọ ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn èyí ló wá fà mí lápá pé kí n wá dúró níwájú, pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò gbogbo ẹgbẹ́. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni mo san fún gbọ̀ngàn àti oúnjẹ, ìrẹsì tútù àti omi inú ọ̀rá kan ni mo rí gbà. Ìlọrin tí wàrà wà nínú gbogbo igbá, tí ẹran súyà ń ta sánsán nígboro! N kò dúró ya fọ́tò kankan.

Mo so aago náà mọ́wọ́ padà sí Ọ̀ffà. Ó ń rìn nígbà tí a kọjá Ìdófìàn, ó ṣì ń rìn nígbà tí mo jẹun alẹ́. Nígbà tí mo dìde fún ìrun Ìṣáì, ó ti dúró. Bàbá alátùn-únṣe wò ó ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó ní irin tín-ín-rín tó ká bí irun nínú rẹ̀, èyí tó máa ń na ara rẹ̀ tó sì máa ń kó ara rẹ̀ jọ kí aago lè máa rìn déédéé, ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, àmì pé ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan ti tẹ̀ ẹ́. Eruku sì ti wọ ibi tí kò yẹ. Ó ní kí n lọ wá 7009 mìíràn kí àwọn yọ inú rẹ̀ fi pààrọ̀. Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló kù tó jẹ́ ti bàbá mi? Ojú àti ìdérí tó hó?

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀ bí kò bá jẹ́ ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá náà gbé fọ́tò aago bàbá mi síta fún gbogbo ẹgbẹ́, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ ní ṣíṣí, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìpàdé tó kẹ́sẹ járí. Àwọn ènìyàn ń kí i. Ẹnì kan béèrè pé èló ni. Ó sì fèsì pé kó pe òun.

Kó pe òun kẹ̀!

N kò fẹ́ àforíjì orí fóònù, n kò sì fẹ́ kí alága wá bẹ̀ mí nítorí rẹ̀. Kí ó yọ fọ́tò yẹn kúrò lónìí. Lẹ́yìn náà, kí ó wọ ọkọ̀ ní Gáráàjì Ọ̀ffà, kí ó wá sí ilé wa, kí ó jókòó síwájú ìyá mi tó ṣì wà láyé, tó sì mọ ìró aago náà láti inú òkùnkùn, kí ó sì dá a padà fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó pe ìrun Àìlà ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú 1 rẹ̀ lẹ́yìn, kí ó sì máa rìn.