Ìṣó tó wà lókè àwòrán fáyólìn Braque

Àjọkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Àwòrán yìí, Violin and Palette, Georges Braque ló yà á ní Faransé lọ́dún 1909, ó wà ní mùsíọ́mù Guggenheim ní New York báyìí. Fáyólìn nísàlẹ̀, ìwé orin láàárín, páńkó tí wọ́n ń po ọ̀dà lé lókè. Àmọ́ lójú mi ńṣe ni fáyólìn yẹn dà bí èyí tí wọ́n là mọ́lẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ gan-an?

Ọmọ Onílù: Kò fọ́ o. Mú fáyólìn dání kó o máa yí i, o máa rí iwájú, o máa rí ẹ̀gbẹ́, o máa rí ọrùn ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló kó sójú kan yẹn. Braque fúnra ẹ̀ mọ orin í ta, ó tiẹ̀ sọ pé ohun èlò orin máa ń jí téèyàn bá ti fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ló fi wò ó.

Tísà Àgbà: Mi ò gbà. Ẹ wo òkè pátápátá, ìṣó tí páńkó yẹn fi kọ́, ó yà á gúnrégé tòun tòjìji ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé bó ṣe ń rí nǹkan nìyẹn, kí ló dé tí ìṣó ò fi yapa? Ó fẹ́ ká mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n yà ni, òun ló wu láti tú u ká.

Ìyá Ṣadé: Tísà, iṣẹ́ akunlé ni Braque kọ́ nílé wọn, iṣẹ́ bàbá ẹ̀ ni, wọ́n á kun ògiri títí á fi dà bíi pákó tàbí mábù. Títan ojú jẹ kò ṣòro fún un rárá. Ẹ tún wo ọ̀dà ẹ̀, ọdún bíi mélòó kan ṣáájú, pupa àti yẹ́lò tó ń ta yòò ló ń lò, ibí yìí ó ti pa gbogbo ẹ̀ tì, ó fẹ́ kójú wa dúró lórí bí nǹkan ṣe rí.

Ọmọ Onílù: Ẹ ṣé mọ́mì. Tísà, ẹ má bínú sà, ìṣó yẹn ni ọ̀nà àtijọ́, fáyólìn ni tuntun, ó gbé méjèèjì sórí kánfáàsì kan náà ká lè fi wéra.

Àjọkẹ́: Mo ti padà lọ wò ó, mo rí ihò méjì tó dà bíi lẹ́tà f yẹn báyìí, ọ̀kan ò sì kọjú síbi tí èkejì kọjú sí.

Tísà Àgbà: Ó dáa, ṣùgbọ́n páńkó ọ̀dà ló gbé kọ́ sórí ìṣó àtijọ́ yẹn, irinṣẹ́ ẹ̀ gan-an. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ dá mi lóhùn.