Ẹ Fún Ewì Láàyè Lọ́jọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun

Bí ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní bá ti pé lọ́dọọdún, Ààrẹ a gbé òdòdó lọ síbi ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú l'Ábújá, àwọn gómìnà a ṣe tiwọn, ìbọn a dún, ẹyẹlé a fò. Lọ́dún tí ẹyẹlé bá kọ̀ tí kò fò, òun ni gbogbo ìlú a máa sọ. Ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970 là ń rántí. Èrò wa ni pé ó yẹ kí a máa ka ewì níbẹ̀, kì í sì í ṣe èyí tó dùn létí ìjọba nìkan.

Àwọn kan ní ewì ìfẹ́ ilẹ̀ baba lásìkò ogun ti di ohun àtijọ́, pé òun ni wọ́n fi ń tan ọ̀dọ́ lọ síbi ikú. Wọn ò jayò pa. Lọ́jọ́ Àjíǹde ọdún 1915, olórí àlùfáà kàtídírà St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù ka ewì Rupert Brooke, akéwì tó jẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, nínú ìwàásù rẹ̀. Ewì náà ní bí òun bá kú sílẹ̀ òkèèrè, ibi tí wọ́n bá sin òun sí ti di ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí láé. Oṣù yẹn ò tíì parí tí Brooke fi kú. Ọta ìbọn kọ́ ló pa á o. Ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́, ojú ibẹ̀ sì di egbò tó ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀, Winston Churchill, mínísítà tó ń bójú tó ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kọ ìdárò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Times bí ẹni tí ń ké sí àwọn mìíràn pé kí wọ́n máa bọ̀.

Wilfred Owen, akéwì mìíràn tó jẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ ewì lórí gáàsì olóró láti fi já irú irọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ojo. Wọ́n fi oyè akin dá a lọ́lá. Ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 1918 ló kú, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ogun parí. Ọjọ́ tí agogo àlàáfíà ń dún ni ìròyìn ikú rẹ̀ dé ilé òbí rẹ̀. Ta ló fẹ́ràn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jù ú lọ?

Nílẹ̀ tiwa, ìbéèrè yẹn tún le sí i. Christopher Okigbo, akéwì tó kàwé ní yunifásítì Ìbàdàn, gbé ìbọn fún Biafra, ó sì kú lágbègbè Nsukka lọ́dún 1967. J.P. Clark, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn, dúró sápá ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n nínú ewì tó kọ nípa ogun náà, ó ní kì í ṣe àwọn tó kú nìkan ni ogun pa. Wole Soyinka ní tirẹ̀ wà lẹ́wọ̀n láti 1967 di 1969, ó ń kọ ewì níbẹ̀. Ìwé ìròyìn yìí kò ní yan ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Ọmọ tó bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé ìwé yóò mọ ohun tí ogun yẹn jẹ́ ju ẹni tó kàn há ọjọ́ rẹ̀ sórí lọ. Àwọn baba wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: oríkì jagunjagun ń yìn ín, kì í sì í fi ilé tó sọ dahoro pa mọ́.

Láti 2009 ni àwọn ọmọ ogun wa ti ń bá Boko Haram jà. Kí Iléeṣẹ́ Ààbò fún ewì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ètò ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ní Borno kà á.