Mítà Kì í Sáré Nítorí Pé Iná Lọ Sílẹ̀

Lánàá, nílé tí mò ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ yúníìtì bá ọmọ Yunifásítì kan jà. Ó lọ aṣọ nígbà tí iná ọba lọ sílẹ̀, tí gílóòbù ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ̀gbọ́n tó ń gba owó mítà ní, “Ìwọ lo jẹ yúníìtì wa tán. Ṣé o ò mọ̀ pé hááfù kọ́rẹ́ǹtì ló máa ń jẹ́ kí mítà sáré ni?” Gbogbo ará ilé ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti Ọjà Jágùn dé Sábó, kò síbi tí wọn kì í tí í sọ ọ́.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mò ń ṣe. Áyọ́ọ̀nù ló ń bọ́ mi, mo sì ti wọ̀n ọ́n. Wáàtì 1000, ìyẹn bó ṣe ń yára jẹ iná tó, ni wọ́n kọ sídìí rẹ̀, fún iná fóòtì 230 (fóòtì ni agbára tó ń ti iná gba inú wáyà). Ẹ pín 1000 sí ọ̀nà 230, ẹ ó rí áńpù 4.35, ìyẹn iye iná tó ń gba wáyà inú rẹ̀ kọjá. Ẹ wá pín 230 sí ọ̀nà 4.35, óòmù 53 ni. Óòmù yìí ni agídí tí wáyà náà ń ṣe sí iná, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, iná ìbáà pọ̀, ìbáà kéré. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun: Georg Ohm, ará Jámánì, ti gbé e jáde nínú ìwé lọ́dún 1827.

Lọ́jọ́ tí mo wọ̀n ọ́n, fóòtì 140 niná wa. Ẹ pín 140 sí ọ̀nà 53: áńpù 2.64. Clamp meter, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn áńpù, tí mo yá lọ́wọ́ oníwáyà àdúgbò wa fi 2.6 hàn mí. 140 lọ́nà 2.64 jẹ́ wáàtì 370. Fóòtì dín, áńpù náà dín, àwọn méjèèjì la sì ń sọ di ìlọ́po ara wọn kó tó di wáàtì. Níbo ni mítà ti fẹ́ rí ohun tí yóò fi sáré?

Ẹni tí kò bá fẹ́ ìṣirò, kó lọ dúró níwájú mítà. Iná pupa kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó ń tàn tó ń kú. Lára tiwa, bó bá tàn nígbà 1000, yúníìtì 1 ti lọ. Mo pa gbogbo nǹkan ilé, ó ku áyọ́ọ̀nù nìkan. Nígbà tí iná pé, n kì í ka ìṣẹ́jú àáyá 4 tán kó tó tún tàn. Nígbà tó lọ sílẹ̀, mo ka 9, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di 10.

Wọ́n á ní aṣọ ń pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Pípẹ́ ló pẹ́, mítà ò sáré. Fìríìjì nìkan ni mo lè gbà fún wọn díẹ̀: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè fa áńpù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí iná bá lọ sílẹ̀, ó tiẹ̀ lè jóná. Ìyẹn ò kan áyọ́ọ̀nù.

Wọ́n ti gba ₦1,500 lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Aṣọ méjì ló lọ̀, kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Wáàtì 1000 fún wákàtí kan ló ń jẹ́ yúníìtì 1; wáàtì 370 fún ìṣẹ́jú 20 kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ yúníìtì kan. Ká tiẹ̀ ní iná pé pérépéré, ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó ọmọ náà padà fún un.