Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Brazil tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ yẹn kì í ṣe òótọ́ o

Mẹ́séèjì kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp báyìí, ó ní ní Brazil aláwọ̀ dúdú àti funfun ń fẹ́ra wọn, wọ́n jọ ń jó ní Carnival, torí náà kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbẹ̀, ipò ò sì yàtọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Mo mọ ìdí táwọn èèyàn fi ń pín in, àwa náà ṣáà ní ìyekan ní ìpínlẹ̀ Bahia níbẹ̀, ta ni ò ní fẹ́ kó jẹ́ òótọ́.

Wọ́n ń fẹ́ra wọn lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n fòpin sí ẹrú níní pátápátá ní 1888 (Brazil ló ṣe é kẹ́yìn ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà), wọn ò fún àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀, wọn ò fún wọn lówó gbà-máà-bínú, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ wọn sì jogún ẹ̀. Ní 1950 ọ̀tẹ́ẹ̀lì kan ní São Paulo ò gba Katherine Dunham, oníjó aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, ariwo ẹ̀ wà lára ohun tó bí òfin 1951 tó lòdì sírú ìwà bẹ́ẹ̀. Bí ò bá sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kí ni wọ́n ń ṣòfin sí? Òfin 2012 náà ń bẹ, tó ya àyè sọ́tọ̀ fáwọn ọmọ dúdú ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀.

Ẹ lọ sórí sáìtì IBGE, àjọ tó ń kànìyàn níbẹ̀, ẹ wá "cor ou raça" (ìyẹn àwọ̀ tàbí ẹ̀yà), ẹ ó rí i pé owó tó ń wọlé fáwọn funfun ju tàwọn dúdú lọ. Ẹ bá wa fi èyí ránṣẹ́ sí gúrúùpù tẹ́ ẹ ti rí tàkọ́kọ́.