Ẹ má fi Messi bá mi sọ̀rọ̀ mọ́

Mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Messi mọ́ nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Èkó. Mo ti sọ ọ́ lórí WhatsApp àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, wọn ò gbọ́. Mo wá ń sọ ọ́ níbí báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé mi mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ló fi ohùn ránṣẹ́ pé ìdí tí pápá ìṣeré Oníkàn kì í fi í kún ni pé kò sí orúkọ ńlá níbẹ̀. Ó ní kí àwọn kíláàbù wa wá owó, kí wọ́n lọ mú ìràwọ̀ kan tó ti ń parí lọ ní Yúróòpù wá, kó fi sáà kan tàbí méjì gbá bọ́ọ̀lù fún wa. Ó ní Inter Miami ní Amẹ́ríkà ṣe é, wọ́n mú Messi, ó bọ́ sí i fún wọn. Saudi Arabia ṣe é, gbogbo ayé ń wò wọ́n. Kí ló dé tí Èkó ò lè ṣe é? Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo ilé ti ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ ti ń to orúkọ àwọn tí wọ́n máa lọ bá.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí òun lẹ kì í fẹ́ mẹ́nu bà. Messi ti pé ẹni ọdún 36 nígbà tó dé Inter Miami ní oṣù Keje ọdún 2023, òótọ́ ni. Wọ́n sì ti gba ife, òótọ́ ni. Ta ló ń sanwó fún un? Nígbà tó dé, Apple tó ra ẹ̀tọ́ àtimáa fi líìgì wọn hàn gbà láti máa fún un nínú owó àwọn tó ń sanwó wò ó. Adidas náà gbà láti máa fún un nínú tiwọn. Àdéhùn rẹ̀ tún fàyè gbà á pé ó lè ní ìpín nínú kíláàbù náà. Kódà kíláàbù yẹn fúnra rẹ̀, inú àdéhùn ìràwọ̀ àgbà mìíràn ló ti jáde: nígbà tí David Beckham lọ sí LA Galaxy, ní Amẹ́ríkà yẹn náà, lọ́dún 2007, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé ó lè ra àyè kíláàbù tuntun ní mílíọ̀nù 25 dọ́là. Líìgì yẹn sì ti ṣe òfin tó jẹ́ kí kíláàbù lè san ju gbèdéke owó oṣù lọ fún ìràwọ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi to gbogbo nǹkan wọ̀nyí kí Messi tó dé. Ní ti Saudi Arabia, owó ìjọba ni, owó epo rọ̀bì ni. Èwo nínú ìwọ̀nyí la ní? Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo yìí, ta ni nínú yín ló ti sanwó wọ Oníkàn lọ wo Ikorodu City láti ìgbà tí wọ́n ti gòkè sí NPFL, líìgì tó ga jù ní Nàìjíríà, lọ́dún 2024? Ẹ má purọ́ fún mi o.

Àwọn mìíràn náà ti dán an wò ṣáájú yín. Ẹni ọdún 34 ni Pelé nígbà tó lọ gbá bọ́ọ̀lù fún New York Cosmos lọ́dún 1975. Èrò ya lọ, gbogbo ayé gbọ́. Ọdún 1984 ni líìgì tí Cosmos wà nínú rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn. Shanghai Shenhua ní Ṣáínà ná owó tó ń bani lẹ́rù lórí Carlos Tevez lọ́dún 2017, góólù mẹ́rin péré ló jẹ fún wọn ní líìgì kó tó padà sílé, òun fúnra rẹ̀ sì sọ lẹ́yìn náà pé ìsinmi lòun lọ lò níbẹ̀. Jiangsu gba líìgì Ṣáínà lọ́dún 2020, nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti kógbá sílé. Guangzhou tó gba líìgì yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ kógbá sílé ní oṣù Kínní ọdún 2025. Ẹni tó ń náwó sí i ò rówó ná mọ́, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀yin wá rò pé ti alága kíláàbù Èkó ló máa yàtọ̀.

Ẹnì kan tún lọ mú Okocha wá. Ẹ̀gbọ́n, Jay-Jay Okocha ò tíì pé ẹni ọdún 29 nígbà tó dé Bolton ní England lọ́dún 2002! Agbára ẹ̀ ṣì wà lára. Ẹ tún ní Ahmed Musa ńkọ́, tó padà sí Kano Pillars lọ́dún 2024. Musa kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Pillars yẹn náà ló ti jẹ góólù 18 ní sáà 2009 sí 2010 kó tó lọ sókè òkun. Ilé ló padà sí. Ẹ má fi wé ẹni tí ò mọ ibi tí pápá Campos wà ní Èkó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ṣáínà ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí wà nínú ilé wa.

Ọmọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí, Campos ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ohun tí mò ń wí: ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ tó dúró yí pápá ká, tí wọ́n ń retí kí sẹ́ẹ̀tì tó wà nínú jáde kí tiwọn lè wọlé. Wíńgì ọ̀tún ló máa ń gbá, ẹsẹ̀ òsì ló sì ń lò. Tó bá ti gé wọ àárín báyìí, aṣọ́lé á kàn dúró máa wò ó ni. Bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀, òkìrìkà ni, láti ọjà Katangua. Ṣóbàtà àdúgbò wa ti rán àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ títí, ó ní òun ò ríbi ki abẹ́rẹ́ bọ̀ mọ́.

Kíláàbù kan ní Mainland, mi ò ní dárúkọ wọn, ní kó máa bọ̀ wá bá àwọn gbáradì. Kò sí owó oṣù. Owó ọkọ̀ ni, ìyẹn náà lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á wọ dánfó gba orí Third Mainland kọjá, oṣù ń gorí oṣù. Kọ́ọ̀ṣì pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo jókòó tì í, mo gbọ́ ọ: "Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣí ìforúkọsílẹ̀ báyìí, ọmọ yín ló kàn." Ẹ̀gbọ́n mi se ìrẹsì lọ́jọ́ náà, ó bù ú káàkiri yàrá gbogbo tó wà nínú ilé.

Ìforúkọsílẹ̀ ṣí. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé wọn. Alága wá mú ẹnì kan dé láti òkè òkun.

Mi ò ní dárúkọ òun náà. Ó ti lé ní ẹni ọdún 35, ó sì ti gbayì rí. Wọ́n tẹ pósítà, wọ́n gbé onígángan wá, àwọn ọmọ Instagram pé jọ. Wọ́n gba ilé fún un ní Ìkẹjà, wọ́n fún un ní mọ́tò. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn láti ọdún tó kọjá ṣì ń retí owó oṣù tí wọ́n jẹ wọ́n. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, èrò wá, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, gbogbo pápá dìde, gbogbo fóònù lọ sókè. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n yọ ọ́ kí eré tó dé ìdajì. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, orí bẹ́ǹṣì ló wà, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà, orúnkún ni. Orúnkún lónìí, orúnkún lọ́la. Èrò tó wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ò padà wá mọ́, torí òun ni wọ́n wá wò, wọn ò wá wo kíláàbù.

Ẹni tó bá ti ra mọ́tò tòkunbọ̀ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀dà á máa dán, ẹ́ńjìnnì á dún dáadáa lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún ọ ibi tó ti sáré dé kó tó wọkọ̀ òkun.

Ẹ wá mọ iṣẹ́ tí wọ́n fún ọmọ wa? Wọn ò lé e o. Wọ́n ní kó ṣì máa bọ̀, pé àyè á tún ṣí. Òun ni wọ́n ń rán lọ ra ohun tí Ọ̀gá, ìràwọ̀ tí wọ́n mú wá yẹn, máa fi lé orúnkún: píọ̀ wọ́tà tó ti dì gbagidi, nínú ọ̀rá dúdú, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá á ti máa sun omi kó tó gbé e dé. Ọmọ tí wọ́n ṣèlérí àyè fún ló ń sáré sọdá títì lọ ra yìnyín fún orúnkún ẹni tó gba àyè náà. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo gba fóònù, mo pe kọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹjọ́ mi. Alága ló ni kíláàbù."

Nítorí náà, tẹ́nikẹ́ni bá ti ní kí wọ́n mú ìràwọ̀ àgbà wá, èmi kì í rí ìràwọ̀ kankan. Ọmọ tó gbé ọ̀rá dúdú dání nínú oòrùn ni mò ń rí. Owó tí wọ́n fi gba ilé ní Ìkẹjà fún ẹnì kan, ọmọ mélòó ni ì bá san owó oṣù fún? Ẹ wo Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́, ibi tí kò jìnnà sí wa. Wọ́n gòkè, wọ́n já, wọ́n tún gòkè, wọ́n ń tọ́ ọmọ láti kékeré, wọ́n gba líìgì lọ́dún 2025, mílíọ̀nù 200 náírà sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kì í ṣe ìràwọ̀ Yúróòpù kankan ló gbà á fún wọn. Ẹ bi àwọn bàbá yín léèrè Stationery Stores, kíláàbù Èkó tó gba Challenge Cup, ife gbogbo Nàìjíríà, lọ́dún 1967, tó tún gbà á lọ́dún 1968, tó gba líìgì lọ́dún 1992. Nínú jẹ́sì Stores ni Haruna Ilerika ti di ẹni tí gbogbo Èkó ń pariwo orúkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn rọ́ lọ sí Oníkàn nígbà náà torí pé kíláàbù tiwọn ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa fi Rashidi Yekini bá mi jà. Òun nìkan ni mi ò lè gbójú sí. Ẹni tó jẹ góólù àkọ́kọ́ fún wa ní Ife Àgbáyé lọ́dún 1994, tó ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún 1993, ó padà wálé, ó gbá bọ́ọ̀lù fún kíláàbù Julius Berger níbí ní Èkó. Lọ́dún 2005, ó ti di ẹni ọdún 41, ó tún wọ jẹ́sì kíláàbù Gateway ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òun pẹ̀lú Mobi Oparaku tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Yekini wá gba àyè ọmọdé. Mo ti ń ro ó lọ́kàn láti àná pé àwọn ọmọ tó ń bá a gbáradì láràárọ̀ ní Gateway yẹn, kí ni wọ́n rí lára rẹ̀ tí a ò rí láti ẹ̀gbẹ́ pápá?

Ọmọ yìí ló fa ìrònú náà. Ó ti kúrò ní kíláàbù ọjọ́sí, ó wà ní òmíràn báyìí, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, wọ́n sì ń fún un ní nǹkan díẹ̀ lóṣù. Ó rí àwọn ọ̀rọ̀ gbígbóná tí mo kọ sórí WhatsApp, ó wá bá mi nílé. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú Ọ̀gá yẹn." Mo ní kí ló dé? Ó ní tí òun bá ti gbé yìnyín dé, Ọ̀gá á ní kí òun jókòó ti òun, á máa nàka sí àwọn tó wà lórí pápá. "Wò ó, kó o tó gba bọ́ọ̀lù, kọ́kọ́ yíjú wẹ̀yìn. Má jẹ̀ẹ́ kí bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ rẹ kó o tó máa ro ibi tó máa lọ." Ọmọ yìí dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi hàn mí: ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ya ìbàdí sí gbangba, ó fi ẹsẹ̀ gba bọ́ọ̀lù tí kò sí níbẹ̀. Ó ní láti Campos títí dé ibi tí òun wà yìí, kò sí kọ́ọ̀ṣì tó kọ́ òun ní ìyẹn rí. Gbogbo wọn, "Sáré! Gbé e lọ!" ni. Ó ní ìyẹn lòun fi wọ kíláàbù tí òun wà báyìí.

Ó tún sọ ohun tí mi ò mọ̀. Wọ́n jẹ Ọ̀gá náà lówó. Owó oṣù kan péré ló gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀la dá a lóhùn. Wọ́n gba mọ́tò padà. Nígbà tó ń lọ, pósítà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri pápá.

Mo bínú sí ọmọ yìí. Mo ní ṣé dandan ni kéèyàn gbé yìnyín kó tó lè kọ́ bọ́ọ̀lù ni? Ó ní rárá, pé tó bá jẹ́ ti òun, kí wọ́n máa mú irú wọn wá, kí wọ́n fi wọ́n ṣe kọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé fún àwọn ọmọ. Mo ní alága wo ló máa gbé onígángan wá torí kọ́ọ̀ṣì? Ta ló máa sanwó wọlé wá wo kọ́ọ̀ṣì? Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Òótọ́ ni, Àǹtí mi. Tí wọn ò bá ní fún un ní jẹ́sì, kò ní wá."

Mi ò tíì gbà fún ọ̀gbẹ́ni tó fi ohùn ránṣẹ́ yẹn o. Tí wọ́n bá ní kí n dìbò lónìí, rárá ni màá dì, torí àyè ọmọ yẹn ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ó ti ń ṣòro fún mi láti pariwo bí mo ṣe ń pariwo lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ jẹ́sì kíláàbù níbí rí, kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó nílé bọ́ọ̀lù, ẹ dá mi lóhùn. Nígbà tí irú àwọn ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ dé kíláàbù yín, ṣé ẹ rí nǹkan kọ́ lára wọn, àbí ti ọmọ wa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀? Mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.